Àwọn Fídíò Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Pa Rẹ́

Èmi, Mutmainah Àbẹ̀kẹ́ Àlímì, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó ń gbé ní Lásúnwọ̀n ní Ìkòròdú, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Àrùn wà nínú ọkàn mi, kò dé orí mi. Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn dókítà yóò la àyà mi. Bí mo bá jí, n ó fa ìwé yìí ya. Bí mi ò bá jí, kí Àǹtí Mùnírátù, àbúrò ìyá mi, àti Caroline, ọ̀rẹ́ mi, rí i pé ohun tí mo kọ síbí di ṣíṣe. Ìlú òyìnbó ni mo ti kàwé. Bí Yorùbá mi bá wọ́ níbì kan, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn sọ pé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ.

1. Ilẹ̀ tó kàn mí nínú ogún bàbá wa ní Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n pín in bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ilẹ̀.

2. Ewúrẹ́ mi méjèèjì di ti Àǹtí Mùnírátù. Èyí tó dúdú máa ń jẹ wáyà fóònù. Mo ti sọ.

3. Kọ̀ǹpútà mi, fóònù mi àti gbogbo páásíwọ̀ọ̀dù mi di ti Caroline. Òun ni yóò máa bójú tó ẹgbẹ́ wa lórí Wáàsáàpù, èyí tí mo fi ń pín fídíò, orin àti fíìmù kékeré ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

Kí ẹ tó sọ pé eré ọmọdé ni, ẹ gbọ́. Nígbà tí mo dé láti ìlú òyìnbó, ẹnu mi kò lè ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Bùọ̀dá Yasir, ẹ̀gbọ́n mi, a máa pe àwọn ọ̀rẹ́ wọn jọ: "Ẹ wá gbọ́ òyìnbó Ẹ̀pẹ́." Wọ́n á rẹ́rìn-ín tán, wọ́n á lọ. Ẹni tó kọ́ mi ni ọkùnrin kan ní Ìmọ́ta tó máa ń ya fídíò ara rẹ̀ sórí ayélujára nínú oko ìrẹsì rẹ̀, tó ń bú àwọn ẹyẹ tó ń jẹ ìrẹsì náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ èébú, ǹ bá sì lò ó lónìí bí kì í bá ṣe pé ìwé òfin ni èyí. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Ìkòròdú náà kọ́ mi, àwọn tó ń kọrin nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́: ẹnì kan ń dá, ìyókù ń gbè, awakọ̀ ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pín wọn.

4. Ojúewé mi lórí ayélujára, kí ó wà bó ṣe wà. Kò sí ẹ̀gbọ́n, ìbátan tàbí àlùfáà tó gbọdọ̀ pa ohunkóhun rẹ́ níbẹ̀.

Bùọ̀dá Yasir, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Nígbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí mi ò lè gbé orí, Màmá gbé fóònù mi fún yín kí ẹ fi pe àwọn ará ilé. Ẹ jókòó tì mí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pa fídíò rẹ́. Ẹ ní bí òkú bá fi orin sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ẹni tó bá ń wò ó ni yóò máa wọlé tọ̀ ọ́ nínú sàréè. Ẹ ní, "Mútì, mò ń gbà ẹ́ là ni." Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ló gba èyí gbọ́, ìfẹ́ òkú ló sì ń mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dúró kí ènìyàn kú ná. Mi ò tíì kú, Bùọ̀dá. Mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Fíìmù Caroline wà lára ohun tí ẹ pa rẹ́. Ìyá rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, apẹja Ìlàjẹ, tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, tó ń tún àwọ̀n ṣe, tó ń kọ orin ìjọ wọn. Ìyá náà ti kú. Fóònù tí Caroline fi yà á ti bọ́ sínú ọ̀sà. Ojúewé mi nìkan ló ṣẹ́ kù sí kí ẹ tó pa á rẹ́. Orúkọ Ọlọ́run ló wà lẹ́nu obìnrin náà. Caroline kò bá yín jà. Ó kàn béèrè bóyá ẹ gbọ́ ọ dé òpin kí ẹ tó pa á rẹ́. Ẹ ní ẹ ò gbọ́ ọ rárá. Ìyẹn ni mi ò lè dárí rẹ̀ jì yín.

5. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà nínú ohun tí mo pín, tèmi ni. N ó dáhùn fún un níwájú Ẹni tó dá mi. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá mi gbé e.

6. Ohun kan wà tí mo fi sílẹ̀ fún Bùọ̀dá Yasir nìkan. Bàbá Fàsásì, aládùúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n máa ń ya fídíò láyé àtijọ́, rí kásẹ́ẹ̀tì kan nínú àpótí wọn, mo sì ní kí wọ́n bá mi gbé e sórí ẹ̀rọ. Kásẹ́ẹ̀tì náà já lẹ́yìn tí wọ́n gbé e tán; ẹ̀dà kan ṣoṣo ló kù.

Bàbá wa ni wọ́n wà níbẹ̀, nínú oṣù ààwẹ̀, tí wọ́n ṣáájú àwọn oníwéré, tí wọ́n ń fi orin jí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ sí sààrì. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ọmọdé ni yín nígbà náà. Ẹ ń fi ṣíbí lu agolo mílíìkì, ẹ ò tẹ̀lé orin ẹnikẹ́ni. Bàbá dá orin dúró, wọ́n wò yín, wọ́n ní, "Yásírì, rọra, ọkọ mi." Ohùn wọn tó kù láyé nìyẹn. Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tí wọ́n kú. Èmi kò gbọ́ ọ rí títí fídíò yìí fi dé ọwọ́ mi.

Bí ẹ bá ti sin mí, kí Caroline gbé e lé yín lọ́wọ́. Ẹ wò ó dé òpin. Lẹ́yìn náà, ẹ gba Bàbá là bí ẹ ṣe gba ìyá Caroline là. Bí ìka yín bá kọ̀, ẹ kọ orúkọ Bàbá sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ ara yín rìn lọ bẹ Caroline nílé rẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i ní Lásúnwọ̀n, Ìkòròdú, ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Mutmainah Àbẹ̀kẹ́ Àlímì

Àwọn tó rí mi bí mo ṣe ń fọwọ́ sí i:
Ọláṣẹ́gun Abraham, olùkọ́, ará ilé kejì
Ẹwàolúwa Nathaniel, nọ́ọ̀sì