Síkírìnì Tó Gba Ààyè Bọ́tìnnì Ìpè

Ilé Kẹta, Yàrá 1602,
Àgbègbè Ilé Jinhe,
Bao'an, Shenzhen.
Ogúnjọ́, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àwọn Onílé,
Àgbègbè Ilé Jinhe,
Bao'an, Shenzhen.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ YAN SÍKÍRÌNÌ ATẸ̀LÉRA FÚN ÀWỌN LÍFÍÌTÌ WA

Ìyàwó tuntun ni mí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni Kuang Zhirong gbé mi níyàwó, inú mi sì ń dùn títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ lífíìtì Ilé Kẹta ni mo mú wá.

Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, ọkọ mi pọ̀n mí láti ẹnu ọkọ̀, nítorí ẹsẹ̀ ìyàwó kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ títí yóò fi wọ yàrá ọkọ rẹ̀. Àwa méjèèjì nìkan la wọ lífíìtì, aṣọ mi ti gba gbogbo àyè. Láàárín àjà kẹsàn-án àti ìkẹwàá, iná ṣẹ́jú, lífíìtì sì dúró gbọnin.

Ọkọ mi tẹ bọ́tìnnì ìpè tí a fi ń ké sí olùrànlọ́wọ́. Kò dún. Mo nawọ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀, mo bá a tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Fóònù wa kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú irin yẹn. Ní gbogbo ìgbà náà, síkírìnì tuntun tí ẹ fi síbẹ̀ ń fi ẹja pupa hàn wá, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tó pẹ́, ọkọ mi kúnlẹ̀, ó ṣì pọ̀n mí. Mo ní kó sọ̀ mí kalẹ̀. Ó ní, "Tí Màmá bá gbọ́, inú lífíìtì yìí ló máa sàn kí a máa gbé."

A gbá ilẹ̀kùn títí ìyá ọkọ mi fi gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹrìndínlógún. Ohun àkọ́kọ́ tó pariwo ni, "Zhirong! Ṣé ó ṣì wà lẹ́yìn rẹ?"

Mo dáhùn, "Mo wà níbẹ̀, Màmá! Ẹ̀yìn ọmọ yín ló fẹ́ kán!"

"Jẹ́ kó kán! Kó má sọ̀ ọ́ kalẹ̀ o!"

Ọ̀gbẹ́ni Deng, tó ń tún lífíìtì ṣe, ló yọ wá. Ó ṣàlàyé pé bọ́ọ̀dù kékeré kan náà ló ń darí síkírìnì àti bọ́tìnnì ìpè, ibi tí a lè so wáyà mọ́ lára rẹ̀ kò sì pọ̀. Síkírìnì ajọrìn tí ẹ yàn ń gba ìsọfúnni lórí wáyà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ni àwòrán rẹ̀ fi ń yára. Nígbà tí wọ́n so wáyà wọ̀nyẹn tán, àyè kò kù fún bọ́tìnnì ìpè, wọ́n bá yọ wáyà tirẹ̀, wọ́n fi bọ́tìnnì sílẹ̀ lára ògiri. Síkírìnì atẹ̀léra ń gba ìsọfúnni níkọ̀ọ̀kan lórí wáyà díẹ̀. Kò lè mú ẹja lúwẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà àjà àti ọfà kò ni í lára.

Mo gbà pé síkírìnì ajọrìn lẹ́wà. Ní ilé ìtajà, èmi náà á dúró wò ó.

Lọ́jọ́ Ẹtì yìí, ẹ fẹ́ dìbò láti fi irú rẹ̀ sínú àwọn lífíìtì yòókù. Mo bẹ̀ yín, ẹ yan atẹ̀léra, kí ẹ sì fi í rọ́pò ajọrìn Ilé Kẹta, kí àyè lè wà láti dá wáyà bọ́tìnnì ibẹ̀ padà. Àìsàn ọkàn ń ṣe ìyá ọkọ mi. Àtẹ̀gùn tó gùn padà lọ́jọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a dùbúlẹ̀, ẹ̀rù lífíìtì sì ń bà á, nítorí tó bá há síbẹ̀ ní òun nìkan, kò lágbára láti gbá ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ojú fèrèsé ló ti ń wo ọgbà. Èmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé ń jáde. Òun tó ni ilé ni kò rí ọ̀nà.

Ẹ ṣeun tí ẹ ka ọ̀rọ̀ mi dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ayọ̀ àti ìrètí,
Mai Huixian,
Ìyàwó Kuang Zhirong, olùgbé Ilé Kẹta.