Ẹṣin Tó Ń Fò

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Baba tún ti wú, àmọ́ wọ́n ṣì ń fẹsẹ̀ ara wọn dé balùwẹ̀. Máṣíìnì ìránṣọ mi kan ti bàjẹ́.

A ti gbá géèmù tí ẹ kọ ìtàn rẹ̀ parí. Èmi ń tẹ̀ ẹ́, Baba ń wò ó, oṣù kan gbáko. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ìparí rẹ̀ rí mi lára.

Akọni inú géèmù yẹn ní ẹṣin tó ń fò. Tó bá ti súfèé báyìí, ẹṣin á gbé e dé ìlú tó bá wù ú. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ wá ń kú lọ, ẹsẹ̀ ló fi rìn! Kó tó débẹ̀, ìyá ti kú. Wọ́n kọ orin arò, wọ́n ní àyànmọ́ ni. Àyànmọ́ wo? Mo tẹ bọ́tìnì súfèé títí, ẹṣin ò wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ìtàn lẹ so ó mọ́lẹ̀. Ẹ wá ń pè é ní ìparí adùn-korò. Èmi ò rí adùn kankan níbẹ̀.

Baba kàn yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe ṣe fún ìyá yín náà nìyẹn."

Oṣù mẹ́ta ni Màmá fi ṣàìsàn, mò ń pè yín. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú lẹ dé, tẹ́ ẹ̀ ń sunkún pé àyànmọ́ ni.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹ bá mi ra abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Baba ṣì wà láyé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ súfèé.

Àbúrò yín,
Télọ̀