Iná tí mo yàn fún iyùn inú dígí

Èrúwà, ọjọ́ Ẹtì, oṣù Ọ̀wàrà, 1993

Mo dán gílóòbù mẹ́tàlì háláìdì wò lórí àpótí dígí tí mo bu omi òkun sí, tí mo fi ń sin iyùn, nírọ̀lẹ́ yìí, irú èyí tí wọ́n ń tàn sí pápá bọ́ọ̀lù. Iyùn ààyè, ẹ̀dá inú òkun, ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ bíi ti oòrùn, ṣùgbọ́n ooru gílóòbù yìí ti pọ̀ jù, omi ń gbẹ. Mo ti fẹ́ yọ ọ́.

Ni Bàbá Ràṣídì, aládùúgbò mi, bá kanlẹ̀kùn. "Tíṣà, iná yín mọ́lẹ̀ dé títì! Ṣé Fúnmi ọmọ yín ti dé ni?"

Mo ní rárá, iyùn ni mo tanná fún. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó, a sọ̀rọ̀ iṣu títí wọ́n fi pe ìrun.

Láti ọjọ́ Ajé, òun nìkan ló wọ ilé mi.

Bí mo bá so iná ọ̀pá funfun mẹ́rin tí kì í gbóná púpọ̀, ó tó fún iyùn.

Gílóòbù ńlá ni mo yàn. Mo sì ti ká kọ́tìnnì kúrò lójú fèrèsé.