Ẹ̀wù Dúdú Tí Ẹ Ní Kí A Fi Ya Fọ́tò

Ìyá mi, aláró Ìtòkú,

N kò mọ bí a ṣe ń kí ẹni tó ti lọ. Ẹ káàárọ̀ kò bá a mu, nítorí n kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ yín. Ẹ kú iṣẹ́ ni ó sún mọ́ mi lẹ́nu, àmọ́ mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé ẹ ti ń sinmi. Nítorí náà, ẹ kú ìsinmi. Èmi ọmọ yín ni, èyí tó ń ta gìtá.

Àwo wa ti jáde. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn ṣáájú ohun gbogbo. Àwo gidi ni, ó wà nínú páálí, orúkọ ẹgbẹ́ wa, Àrá Ọ̀sán, sì wà gàdàgbà lójú rẹ̀. Orúkọ tèmi wà lẹ́yìn, nísàlẹ̀, wọn kò sì ṣì í kọ. Mo ti kà á títí ó fi dà bí orúkọ ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè bi ẹlòmíràn. Ẹ̀wù dúdú tí ẹ ṣe fún mi wà lórí itan mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ó ti ń ya léjìká òsì, níbi tí okùn gìtá máa ń gbé. Àǹtí Sífáwù, àbúrò yín, ní tí n kò bá fi omi ṣan án, omi eérú inú aró tó wà lára rẹ̀ yóò jẹ ẹ́ tán, yóò máa já bí ewé gbígbẹ. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ẹ̀yin náà ní kí a ṣan án. Ṣùgbọ́n aró tí ẹ pa kẹ́yìn ni, Ìyá. Tí mo bá ki í bọ omi, kí ló máa kù lọ́wọ́ mi?

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí Múfú gbé àwo òyìnbó yẹn wá sílé? Àwọn ọkùnrin onírun gígùn ló wà lójú páálí rẹ̀, gbogbo wọn wọ ẹ̀wù awọ dúdú tó ń dán, ojú wọn le bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Múfú ló ń kọrin fún wa, òun náà ló ń ta gìtá olóhùn ńlá. Ó ní irú ẹ̀wù yẹn gan-an ni àwa náà gbọ́dọ̀ wọ̀ ya fọ́tò àwo wa, pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ orin rọ́ọ̀kì líle, èyí tí wọ́n ń pè ní hẹ́fì mẹ́tà, nínú dàńṣíkí. Ẹ na ọwọ́ yín tí aró ti kùn dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ gba páálí náà, ẹ wò ó títí. Mo rò pé ẹ fẹ́ bínú.

“Ṣé òtútù ń mú wọn ni?”

“Rárá o, Ìyá. Bí wọ́n ṣe ń múra nìyẹn.”

“Awọ màlúù?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Nínú oòrùn Abẹ́òkúta yìí? Múfú, ìwọ tí o máa ń làágùn nídìí ẹ̀kọ tútù!”

Délé, onílù wa, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ dá páálí padà fún Múfú, ẹ sì padà sídìí ìkòkò yín, ẹ ti ìka kan bọ aró, ẹ tọ́ ọ wò lórí ahọ́n bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ẹ sì tutọ́. N kò mọ̀ pé ẹ ti ń ro ọ̀rọ̀ náà.

Kò pẹ́, télọ̀ gbé ẹ̀wù kíjìpá mẹ́ta wá, kíjìpá tó nípọn, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ẹ ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi bọ́tìnnì sí i, nítorí òòlù tí ẹ ó fi lù ú. Ẹ rẹ wọ́n sínú aró, ẹ sá wọn, ẹ tún rẹ wọ́n, ẹ tún sá wọn, títí wọ́n fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Aṣọ tí a bá pa láró, ńṣe là ń fi omi ṣan án kí a tó lù ú. Ọmọdé Ìtòkú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò ṣan tiwa. Ẹ tẹ́ wọn sórí ìtì igi bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin àti Àǹtí Sífáwù dojú kọ ara yín, ẹ mú òòlù igi, ẹ lù wọ́n. Bí tiyín bá ń lọ sókè, tiwọn á máa bọ̀ nílẹ̀. Délé jókòó tì yín, ó ń fi ọwọ́ lu itan rẹ̀. Ẹ lù wọ́n títí aró fi wọ ojú òwú, tó ń dán.

Múfú fi ọwọ́ pa á. “Ìyá! Awọ ni!”

“Àwọ̀ tí ò bá tàn ẹ́ jẹ, àwọ̀ kọ́. Kíjìpá ni. Fọ́tò nìkan lẹ máa fi í yà o. Ẹ má wọ̀ ọ́ ṣeré. Tí ẹ bá ti yà á tán, ẹ gbé e padà wá kí n ṣan án. Aró tí a ò ṣan, ara ẹni ló ń wá.”

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nìyẹn. N kò gbàgbé ẹyọ kan nínú rẹ̀.

A kó wọn sínú àpò ìrẹsì, a gbé wọn lọ sí Èkó, níbi tí a ti fẹ́ gba orin wa sílẹ̀. Oníkámẹ́rà ní òun yóò dé láàárọ̀, nítorí náà a ti wọ ẹ̀wù sílẹ̀ dè é. Kò dé. Ẹnjiníà tó ń gba ohùn sílẹ̀ ló yọjú, ó ní yàrá ti ṣófo, tí a kò bá wọlé lójú ẹsẹ̀, àwọn olórin mìíràn ń bọ̀. Kí là bá ṣe, Ìyá? A sáré wọlé bí a ṣe wà. Wọ́n pa fáànù nítorí pé ariwo rẹ̀ ń wọ inú orin. Wọ́n ti ilẹ̀kùn pa.

N kò tíì ta gìtá bẹ́ẹ̀ rí. Délé ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ kan ń lọ sókè, èkejì ń bọ̀ nílẹ̀, mo sì mọ ibi tó ti rí i. Nígbà tí gìtá mi wọlé, ó ké bí ìgbà tí wọ́n ń fa irin lórí irin. Ẹnjiníà di etí rẹ̀ mú.

“Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, ṣé ẹ fẹ́ wó ilé yìí lé mi lórí ni? Ẹ rọra!”

“Ọ̀gá,” Múfú dá a lóhùn, “tá a bá rọra, orin míì nìyẹn.”

Nígbà tí a jáde, oníkámẹ́rà ti dé. Ó wò wá, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀. “Ta ló ki ẹ̀yin wọ̀nyí bọ ìkòkò?” Aró ti wà lọ́rùn wa, lọ́wọ́ wa, lára gìtá funfun mi. Múfú ti fi ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ti di dúdú. Kí a tó rí omi, ọkùnrin náà ti ń yà wá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọṣẹ kò ràn án.

Gbogbo ọ̀nà láti Èkó ni mo ń tò ó sẹ́nu bí n ó ṣe ròyìn rẹ̀ fún yín. Mo ti mọ ibi tí ẹ ó ti pàtẹ́wọ́. Mo ti mọ ibi tí ẹ ó ti ní, mo wí bẹ́ẹ̀ àbí n ò wí bẹ́ẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà wa, ẹ̀rín ṣì wà lójú mi, mo rí àwọn èèyàn lórí ẹní lójúde. Wọ́n wo ọrùn mi, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ẹ ní orí ń fọ́ yín, ẹ lọ sùn, ẹ kò dìde mọ́. Wọ́n ti sin yín kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Kò sí bí wọn ì bá ti kàn sí mi. Ìyá, ṣé ìgbà tí Délé ń bẹ̀rẹ̀ orin àkọ́kọ́ ni? Ṣé ìgbà tí wọ́n ń ya fọ́tò ni? Mo máa ń ronú lé e ju bó ti yẹ lọ. Aró yín wà lọ́rùn mi títí di ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ń ṣàdúà fún yín. Nígbà tó parẹ́, mo wá a nínú dígí.

Ilé náà parọ́rọ́ jù. Ẹ̀yin lẹ máa ń ní kí n dá ariwo gìtá dúró kí ẹ lè gbọ́ òòlù. Tí mo bá sì dá a dúró, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi béèrè bóyá ara mi kò yá ni.

Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ páálí, Múfú kò fẹ́ fọ́tò yẹn. Ó ní kí a tún òmíràn yà, kí a wẹ̀, kí a wọ ẹ̀wù mìíràn.

“Ọ̀rẹ́, tó o bá fi èyí síta, àwọn ará Èkó á ní aláró ni wá.”

“Ọmọ aláró ni mí.”

Délé sún wá sí ẹ̀gbẹ́ mi. Múfú fi ọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, èyí tí aró ti wà nígbà yẹn. “Oúnjẹ Ìyá ni mo fi dàgbà lágboolé yẹn,” ló wí. “Ẹ lò ó.”

Bí àwo ṣe dé, Ìtòkú ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ. Ìyá Rábì, ọ̀rẹ́ yín tí ìkòkò rẹ̀ kángun sí tiyín, gbà á, ó gbé e jìnnà sójú. Kò wo gìtá. Kò wo orúkọ wa. Ariwo tó pa mú kí gbogbo agboolé jáde.

“Ẹ wá wo nǹkan! Wọn ò ṣan án! Ta ló ní kí ẹ wọ aṣọ tí a ò tíì ṣan? Sífáwù, wá wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú, ẹkún sì dàpọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n mọ aró náà lójú fọ́tò. Wọ́n ní kò sí ẹlòmíràn ní Ìtòkú tó lè mú kíjìpá dúdú tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a gbé àwo sórí ẹ̀rọ, Ìyá Rábì bi mí bóyá wọ́n ń na Múfú ni. Ṣùgbọ́n kí Múfú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, nígbà tó jẹ́ ìlù Délé nìkan, mo rí ọwọ́ Àǹtí Sífáwù lórí itan wọn. Ó ń lọ sókè, ó ń dúró díẹ̀, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Ààyè òòlù yín ni wọ́n ń fi sílẹ̀.

Ìgbà náà ni Àǹtí béèrè ẹ̀wù. Ti Múfú àti ti Délé, wọ́n ti ṣan wọ́n tipẹ́. Tèmi ni mo gbé pamọ́, tí mo sì máa ń wọ̀ ṣeré. Wọ́n na èjìká rẹ̀ síta sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ibi tí mo bá a dé nìyí. Kí ni kí n ṣe?

*

Mo dá lẹ́tà yìí dúró lánàá. Òní ni mo padà sídìí rẹ̀.

Mo gbé ẹ̀wù náà lọ bá Àǹtí. Wọ́n ti pọn omi tútù sínú agbada ńlá, bí ẹni tó mọ̀ pé mo ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe é fúnra mi. Mo tẹ̀ ẹ́ wọ inú omi. Omi náà dúdú lójú ẹsẹ̀, n kò rí ọwọ́ mi mọ́ nínú rẹ̀. Mo fẹ́ fà á yọ.

“Fi í sílẹ̀,” ni Àǹtí wí. “Èyí tó ń jáde yẹn, kò mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó mú, ó ti mú.”

A da omi nù, a pọn òmíràn. A tún dà á nù. Nígbà tí omi wá mọ́, tí mo rí ìsàlẹ̀ agbada, mo gbé ẹ̀wù náà sókè. Ìyá, ó ṣì dúdú. Kò dán mọ́, ó rọ̀, ó wúwo fún omi, ṣùgbọ́n ó dúdú bí ọjọ́ tí ẹ yọ ọ́ nínú ìkòkò.

Àǹtí ti fi abẹ́rẹ́ rán èjìká rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, Délé wá, ó mú òòlù yín, Àǹtí mú tiwọn. Ó kọ́kọ́ gbá òòlù mọ́ tiwọn, wọ́n sì bú u dáadáa. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ bá tiwọn mu. Mo jókòó sí ibi tí mo máa ń jókòó sí, mo gbé gìtá mi lé itan, n kò ta á. Mo kàn ń gbọ́ òòlù.

Ẹ má bínú sí àbàwọ́n tó wà létí ìwé yìí. Mo fọ ọwọ́ kí n tó jókòó, ọṣẹ kò ràn án. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tó ti wá.

Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ yín, kó sì jẹ́ kí ẹ gbọ́ wa láti ibẹ̀. Orin náà kò rọra.

Èmi ni,
ọmọ yín, ọmọ aláró.