Agbádá Alhaji Ni Mo Fi Ṣe Ògiri

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ọ̀gá gbogbo ayàwòrán Abobo ní Abidjan,

Ẹ kú ìsinmi. Èmi ọmọ yín obìnrin, olóríkunkun, ni mò ń kọ̀wé sí yín. Màmá wà dáadáa, ẹsẹ̀ nìkan ló ń dùn wọ́n díẹ̀.

Mo ti mọ fíláàṣì yín lò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Òyìnbó kan ló ń fi Faransé ṣàlàyé rẹ̀ nínú fídíò, mo sì ti wò ó débi pé èmi àti ẹ̀ jọ ń jiyàn lójú àlá. Ó ní kí a má kọjú fíláàṣì sójú èèyàn gan-an, pé kí a gbé orí rẹ̀ sókè, kí iná lọ kọlu àjà, kó wá rọra rọ̀ padà sórí ẹni tí à ń yà. Yàrá tiẹ̀ funfun láti òkè délẹ̀ bí inú ẹyin.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, Tonton Ràṣídì, àbúrò yín, ti ń wo kámẹ́rà yín bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Wọ́n ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe tọmọbìnrin, pé kí Màmá jẹ́ kí àwọn gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ní Siporex. Màmá ò fẹ́ jà. Màmá wá ní kí n ya fọ́tò ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ Alhaji, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa. Bó bá dára, kámẹ́rà di tèmi. Bí kò bá dára, Tonton gbé e nìyẹn.

Bàbá, búlúù ni gbogbo wọn jáde. Òjò ṣú, wọ́n ti ta bâche, tapólì búlúù, bo gbogbo àgbàlá, èmi ọ̀mọ̀wé fídíò sì gbé orí fíláàṣì sókè bí òyìnbó ṣe wí. Ìyálọ́mọ búlúù, imáàmù búlúù, ọmọ tuntun dà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò aró. Àǹtí kan wo ojú kámẹ́rà, ó bi mí bóyá ara ọmọ ò yá ni. Tonton nawọ́ pé kí n gbé kámẹ́rà wá.

Bí mo bá ń parọ́, kí ọkọ̀ gbaka kankan má gbé mi mọ́: òógùn tó jáde lára mi lè kún ọ̀sà. Mo wá rò ó pé bí bâche búlúù bá ń sọ iná di búlúù, nǹkan funfun ni mo nílò. Kò sí ògiri funfun kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Alhaji jókòó, agbádá wọn funfun báláú, sítáàṣì ti mú un le, ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí lọ. Mo kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde síbí, kí ẹ na apá yín méjèèjì.”

Wọ́n béèrè bóyá àwọn náà máa hàn. Mo ní láìsí wọn, fọ́tò kankan ò ní dáa. Ṣé irọ́ ni mo pa? Alhaji na apá bí ẹyẹ tó fẹ́ fò, wọn ò mira. Mo yí orí fíláàṣì sí agbádá wọn. Iná kọlù ú, ó padà sójú ìyálọ́mọ, awọ ara rẹ̀ sì jáde bó ṣe rí gan-an, dúdú tó ń dán, ọmọ ń yán lọ́wọ́ rẹ̀.

Tonton wò ó. Wọ́n tún un wò. Wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n ní kí n fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí àwọn. Mo ní èyí ò sí nínú fídíò.

Màmá gbé báàgì kámẹ́rà kọ́ mi lọ́rùn fúnra wọn. “Má gbé e fún ẹnikẹ́ni o.”

Ìgbà tí mo délé ni mo rántí jalabíà funfun tí ẹ máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, tí Màmá ń kùn pé fífọ̀ rẹ̀ fẹ́ bó àwọn lọ́wọ́. Èmi rò pé fàárí ni. Bàbá, ṣé ara yín lẹ fi ń ṣe ògiri fún àwọn èèyàn? Ta ló kọ́ yín? Kí ló dé tí mi ò béèrè?

Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kí n máa tẹ̀lé yín kiri, kódà nígbà tí mò ń jẹ mín-ín-mín-ín oníbàárà tán. Mo ní ìgbéyàwó kan láti yà ní Niangon. Mo ti gé jalabíà yín kúrú, ó bá mi mu. Màmá fọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí, wọn ò kùn rárá.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ yín.

Èmi tí mo fẹ́ràn yín ju gbogbo Abidjan lọ,
Ọmọ yín