Kápúsù Múrí

Ìlobù, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù Kẹjọ, 1994

Ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹsẹ̀ Múrí, àbúrò mi, tún ti wú tó iṣu, ó ń ṣọyún. Igbe rẹ̀ á ti dé Ìfọ́n.

Láàárọ̀, nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Ṣé ó lo kápúsù tí mo fún un fún ọgbẹ́ yẹn tán?"

Mo ní, "Ó lò ó tán, mà."

Irọ́ gbuu! Ọjọ́ kẹta tí ojú ọgbẹ́ Múrí gbẹ ni mo dá oògùn náà dúró. Mo tú èyí tó kù, mo da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò gìgísẹ̀ tèmi.

Nọ́ọ̀sì mirí. "A jẹ́ pé kápúsù ò ràn án nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹ dá a dúró lágbede méjì ni, ǹ bá sọ pé kòkòrò àrùn tó le jù ló ṣẹ́kù. Ẹ gbé e lọ Òṣogbo lọ́la."

Oògùn wo ni dókítà máa fún un, tí irọ́ mi bá ṣáájú wa débẹ̀?

Mo jẹ́wọ́ fún Màámi nírọ̀lẹ́. Mo ti gbáradì fún ìgbájú tó lè gbé mi dé Ẹ̀rìn. Wọ́n kàn ní:

"Ràfíátù, èmi náà lo mẹ́rin níbẹ̀ nígbà tí inú ń run mí."

A wo ara wa. Múrí ń kérora ní yàrá.

Wọ́n ní, "Èmi ni mo máa kọ́kọ́ sọ tèmi fún nọ́ọ̀sì. Ìwọ náà, múra tìẹ sílẹ̀."