Àpáàdì Tí Mo Fi Ọṣẹ Fọ̀

Abúlé Ìdí-Ìyeyè.

Tófúnmi, Àníkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé o jí ire? Ṣé ara rẹ le, ṣé omi ọ̀sà tó máa ń wọ ẹnu ọ̀nà yín ní Bárígà ti fà? Sabina tí ẹ jọ ń gbé ńkọ́, ṣé ẹja ń wọ àwọ̀n àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ìlàjẹ? Bá mi kí i, kí o sọ fún un pé ẹja tó fi ránṣẹ́ dùn débi pé èmi àti Ìyá Fareedah rún eegun rẹ̀ mọ́ ọn. Ọlọ́run tó mú ọ la ọdún tó kọjá já kò ní í já ọ sílẹ̀ nínú èyí. Ojú kò ní í tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé a kì í sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí fóònù mọ́. Bí mo bá pè, o máa ń ní o wà lẹ́nu iṣẹ́, pé wàá pè mí padà, èmi á sì gbé fóònù sórí itan títí oorun á fi gbé mi lọ. Wàhábì tó ń kó gaàrí lọ sí Onípanu ni mo ní kó bá mi mú lẹ́tà yìí wá fún ọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi pọ́n ẹ̀pà jẹ.

Ilé dáa. Adìẹ pupa yẹn ti pamọ. Àkànó aládùúgbò wa ti padà fẹ́ obìnrin tó ní òun ò ní í fẹ́. Ìjì ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, òjò wá ń bá mi se ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe páànù ló gba oorun lójú mi, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí àwọn awalẹ̀pìtàn wá ni.

Nígbà Àjíǹde lo ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún mi. O ní ìwọ àti Dọlápọ̀ ń ṣe áàpù kan sínú fóònù, ní yàrá tí ẹ gbà lọ́nà Akọkà, pé àwọn awalẹ̀pìtàn, àwọn tó ń walẹ̀ láti mọ ìtàn àwọn ará àtijọ́, ló máa lò ó dípò ìwé tí òjò máa ń pa. O ní ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí nẹ́tíwọ̀kì, inú mi dùn, torí mo mọ̀ pé nẹ́tíwọ̀kì ló ń jẹ owó rẹ. O tún ní sátẹ́láìtì kan wà lókè tó ń sọ fún fóònù ibi tí nǹkan wà. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti wẹ̀ ní gbangba ẹ̀yìnkùlé mọ́.

O wá pè pé ẹ ń bọ̀ wá wo ahoro ẹ̀yìn ilé wa, níbi tí àgbàrá ti hú àpáàdì tí àwọn baba ńlá wa tò sílẹ̀ jáde, pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéníjì fúnra rẹ̀ ń bọ̀, pé bí áàpù yín bá ṣe dáadáa níbẹ̀, òun ni wọ́n á máa lò níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń walẹ̀. Tófúnmi, ta ló máa gbọ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n ń bọ̀ tí kò ní í gbálẹ̀? Ìyá tó bí mi kọ́ mi pé kí àlejò tó bá pàǹtí nílẹ̀ mi, kí n kúkú sá kúrò nílé. Èmi àti Ìyá Fareedah ro ibẹ̀, a fi etí ọkọ́ hú àwọn àpáàdì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, a fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń dán, a sá wọn sórí páànù bí ẹni sá èlùbọ́. Mo kó àwọn tó burẹ́wà sísàlẹ̀, mo ṣa àwọn tó ní ọnà lára sókè, nínú bàsíà olódòdó tí mi ò gbé jáde láti ìgbà ìsìnkú bàbá rẹ. A tún da yanrìn sínú kòtò kí ọ̀jọ̀gbọ́n má baà fẹsẹ̀ kọ. Nígbà tí mo gbá a tán, Ìyá Fareedah ní èèyàn lè gbé ẹ̀kọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ibẹ̀ jẹ.

Mo kúnlẹ̀, mo gbé bàsíà fún ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ń retí ìyìn. Bàbá yẹn ṣí fìlà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ìwọ yọ fóònù, o tẹ̀ ẹ́, ó ń bi ọ́ pé ibo ni èyí wà, kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú wo ló kọ sókè. Mo ní kí o kọ ọ́ pé inú bàsíà Ìyá Tófúnmi ló wà, pé àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dọlápọ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wúkọ́. Ìwọ ní kò burú, Màámi. Mo mọ “kò burú” yẹn. Òun náà lo ń wí fún gbogbo ẹni tó wá kí wa nígbà tí bàbá rẹ kú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé àpáàdì kò ní ẹnu, pé ibi tó sùn sí àti ohun tó sùn tì í ló ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Wọn ò jẹ iyán tí mo gún. Kí oòrùn tó kàntàrí, wọ́n ti lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní àwọn á wá ibòmíràn, kò sì sọ bóyá áàpù yín ni wọ́n á mú dání lọ síbẹ̀. Ìwọ nìkan lo sun ọ̀dọ̀ mi, o sì ti jáde kí n tó ti àdúrà àárọ̀ dé.

Mo gbìyànjú àtitún un ṣe o. Mo kó àwọn àpáàdì padà sínú ilẹ̀, mo tò wọ́n, mo kọjú àwọn tó lọ́nà lára sókè, ó tiẹ̀ dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá Fareedah ní sátẹ́láìtì á tú àṣírí mi. Ni mo bá rò ó pé bó bá jẹ́ òkè ló ti ń wò wá lóòótọ́, ṣebí ó rí ibi tí wọ́n wà kí n tó hú wọn. Ẹ ò ṣe bi í? Mo jáde sí gbangba, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ọmọ mi. Òjò ṣú lọ́jọ́ náà, bóyá kò gbọ́.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ohun tí òjò ò bàjẹ́, tí ẹran ò tẹ̀ fọ́, láti ayé àwọn tó ti kú, èmi ni mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dànù, iṣẹ́ ọmọ mi sì bá a lọ. Ó ń dùn mí, Tófúnmi. Ó ń dùn mí gan-an.

Ojú tì mí débi pé mi ò wọ yàrá rẹ láti ọjọ́ náà. Ọjọ́ Sátidé ni mo tó mú ìgbálẹ̀ wọ ibẹ̀. Mo bá ife tíì rẹ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, o ò mu ún, eṣinṣin ti kú sí i. Ìrọ̀rí wà níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà, ó fara ti ògiri tó pààlà yàrá tèmi, bí o ṣe máa ń sùn ní kékeré nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà ọ́. Aṣọ ìnujú rẹ wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti gbẹ, ó le bí aṣọ tí wọ́n fi omi iyọ̀ rin. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ká ní mo ti fọ ife, tí mo ti sá aṣọ sórí okùn, tí mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ni ǹ bá mọ̀? Ǹ bá ní ọmọ mi sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n o sunkún, ẹni tó sì kórìíra ìyá rẹ̀ kì í kọrí sí ògiri ìyá rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tó yé mi, ó kàn pẹ́ ni.

Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo fi okùn yí bẹ́ẹ̀dì ká bí àwọn awalẹ̀pìtàn yín ṣe ń fi yí ilẹ̀ tí wọ́n ń wà ká, mo ti ilẹ̀kùn kí adìẹ má baà wọlé, eruku ti ń bo ilẹ̀, Ìyá Fareedah ń sọ kiri pé mo ti di ọ̀bùn. Wá, kí o mú fóònù yẹn dání. Ya ohun gbogbo níbi tó wà. Bó bá bi ọ́ pé kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, kọ ọ́ sí i pé ògiri ni, pé ìyá rẹ ló wà lódì kejì. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, mú díẹ̀ wá fún páànù ilé ìdáná. Bí kò bá sí, wá lọ́wọ́ òfo, gaàrí wà.

Ọlọ́run yóò fi ilẹ̀ mìíràn rọ́pò èyí tí mo bàjẹ́. Ẹni tó máa lo áàpù yín yóò wá yín dé Bárígà. Ọ̀nà tí o bá gbà lọ, àlàáfíà ni wàá gbà á bọ̀, iṣẹ́ rẹ ò sì ní í ti ọwọ́ mi bàjẹ́ mọ́.

Èmi ìyá rẹ ni, Oyèbísí. Mi ò tíì gbálẹ̀.